Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Sọ́mà Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Ṣeé Fọkàn Tán fún Ọmọ Yín ní Ìkòròdú

Tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí iléèwé pa, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ìyá tó bá gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń bi mí: "Ìyá Tóbi, ibo lẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ lọ́lídè yìí?" Kì í ṣe pé mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ o, ó kàn jẹ́ pé mo ti kó ọmọ mẹ́ta kiri ṣọ́ọ̀ṣì láti Agric títí dé Igbogbo, mo ti ṣìṣe, mo ti rí èyí tó dáa, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ pé bánà nìkan ló dáa níbẹ̀. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́nu mi lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí: aago tí wọ́n ń jáde ni kẹ́ ẹ lọ wò, ẹ fi ti ìwọlé sílẹ̀. Mò ń bọ̀ wá sọ ìdí ẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ ń wá

Gbogbo ẹ̀ la máa ń pè ní "sọ́mà" ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. VBS wà, ìyẹn Vacation Bible School, ọ̀sẹ̀ kan ló sábà máa ń jẹ́, nígbà míì méjì, àárọ̀ sí ọ̀sán, orin, àkọ́sórí, ìtàn Bíbélì, kí wọ́n gé pépà kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, lọ́pọ̀ ibi ọ̀fẹ́ ni, àbí kí wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ ra T-shirt. Lójú tèmi àwọn Baptist ló mú un ní kókó jù, àmọ́ Àǹgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Rìdíìmù, gbogbo wọn ló ń ṣe é báyìí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1898 ni ìyá kan, Ìyáàfin Hawes, rí i ní New York pé àwọn ọmọ ń rìn gbéregbère ní títì nígbà tí iléèwé pa, ló bá lọ háyà ilé ọtí, ó ń kó wọn jọ síbẹ̀ láàárọ̀ láti kọ́ wọn ní Bíbélì. Ilé ọtí o! Torí náà tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí gbọ̀ngàn ẹ̀ kéré, ẹ má tíì yínmú.

Èkejì ni sọ́mà lẹ́sìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nọ́sìrì àti pírámárì tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń ṣe é jù, Máàsì àti Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ́ wọn ní ìlẹ̀kẹ̀ sínsín, kéèkì, tàbí kọ̀ǹpútà. Èyí owó ni. Ẹ̀kẹta ni káǹpù, irú èyí tí àwọn RA àti GA (ẹgbẹ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin) ti Baptist àti Boys' Brigade máa ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, kì í ṣe òun là ń sọ níbí. Mo dárúkọ ẹ̀ torí pé kọ́sítọ́mà mi kan sanwó káǹpù, ó rò pé ọmọ á máa lọ á máa bọ̀ ni, ìgbà tí wọ́n ní kó di ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló tó yé e.

2. Ẹ ka wákàtí yín kẹ́ ẹ tó ka owó

Ìkòròdú tiwa yìí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island ti wà nínú BRT kí àwọn aládùúgbò tó kírun àsùbáà tán, àbí kó ti sáré dé jẹ́tì Ẹ̀bútẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé. VBS tó ń parí láago kan ọ̀sán ò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi tó bá lẹ́ni tó máa bá a mú ọmọ. Kẹ́ ẹ sì má rò ó pé "wọ́n á bá mi mú un dání díẹ̀". Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó máa sọ ọ́ lójú yín pé àwọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tísà yẹn kì í gbowó, iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe, tó bá ti di aago méjì ebi ti ń pa wọ́n, ojú wọn á sì ti kúrò lára ọmọ yín. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tó máa gbà wọ́n títí di aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, sọ́mà lẹ́sìn iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ wá, ẹ fi VBS kún un fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá lè gba ìsinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́.

3. Ibi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́, àti ìgbà

Láti oṣù kẹfà ni, ẹ má dúró de bánà. Ìparí oṣù keje ni iléèwé ń pa, ìgbà tí bánà bá fi gun òpó iná ní Ògólóńtò àyè ti ń tán. Ìfilọ̀ Sunday ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń sọ ọ́, torí náà ẹ bi àwọn ará àdúgbò tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi, ẹ bi tísà ọmọ yín, ẹ ju ìbéèrè sí WhatsApp CDA yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹnìkan á sọ̀rọ̀. Facebook náà wúlò, àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ dáadáa, mo ti rí ẹni tó múra ọmọ tán tó gbé e dé géètì tó wá rí i pé fóta ọdún tó kọjá lòun ń tẹ̀lé.

Ẹ béèrè ọjọ́ gan-an, ẹ béèrè ohun méjì mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ Rìdíìmù, oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe convention ńlá wọn ní Redemption City lọ́nà Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ wọn púpọ̀ ló ń lọ, ẹ rí i dájú pé ọ̀sẹ̀ ti àwọn ọmọ ò bọ́ sínú ẹ̀. Ìkejì, ọjọ́ Orò. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìkòròdú ò nílò àlàyé: lọ́jọ́ tí Orò bá máa jáde, obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ jù nínú tísà, àwọn ọmọbìnrin yín náà sì ńkọ́? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ibòmíì ló máa ń gbàgbé èyí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá mọ ìlú á ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó mú ọjọ́.

4. Ẹ lọ wo ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe nọ́ńbà orí bánà, wọ́n á ní "kò séwu ma, ẹ mú wọn wá", ó parí síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday kan, kódà kó má jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín, torí àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday school náà ló máa wà nídìí sọ́mà. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa wòran. Kànga dà, ṣé ó ní ìdérí, ṣé wọ́n tì í pa? Ní ìlú tó jẹ́ pé ẹ ò lè rìn kọjá ilé mélòó kan kẹ́ ẹ má rí kànga, èyí kì í ṣe àwàdà. Ìdérí ṣọ́kàwéè ńkọ́, ṣé kò tíì sán? Ibo ni jẹnẹrétọ̀ wà, ṣé èéfín ẹ̀ ò wọ kíláàsì? Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, ṣé ó ní ilẹ̀kùn, ṣé omi àti ọṣẹ wà, àbí ọ̀kan náà ni tàgbà tèwe ń lò? Ta ló jókòó ní géètì, àbí ó kàn ṣí sílẹ̀ gbayawu sójú ọ̀nà tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ń bá eré kọjá?

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lẹ́nu géètì. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ìyá alákàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì mọ aago tí wọ́n ń jáde gan-an, ó mọ ọmọ tó máa ń dá rìn lọ sílé, ó mọ tísà tó máa ń jágbe mọ́ ọmọ. Pásítọ̀ ò ní sọ ìyẹn fún yín, kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́, òun fúnra ẹ̀ lè má mọ̀.

5. Ìjáde, ìjáde, ìjáde

Lọ́dún tí Tóbi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìwọlé wọn, ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀: bàlúùnù, orin, wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà, àǹtí kan ń ya fọ́tò. Aago kan ni wọ́n ní àwọn ń jáde. Mo ní aṣọ ẹbí kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo débẹ̀. Tóbi ò sí. Àǹtí tó ń gbálẹ̀ ní, "Ah, uncle ẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti wá mú un, ó lóun mọ ilé yín."

Uncle wo? Tóbi ò ní uncle kankan tó ń wa kẹ̀kẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe délé, ohun tí mo mọ̀ ni pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀ délé, ìkejì ti bọ́ sọ́nà. Mo bá Tóbi lẹ́nu ọ̀nà tó jókòó tó ń jẹ gúgúrú. Ọmọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ló rí i tó dá dúró ní géètì tí àánú ẹ̀ sì ṣe é, ó gbé e wálé. Ọmọ dáadáa ni, mo fún un lówó epo, kò gbà. Àmọ́ nígbà tí mo wọlé tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi ò yéé gbọ̀n, torí pé àwọn tísà yẹn ò mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ilé wa ni wọn ì bá gbé e fún.

Lọ́dún kejì, ibòmíì. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, gbọ̀ngàn kan péré, páànù ẹ̀ ti dípẹtà. Ọmọbìnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ gbé bẹ́ǹṣì dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sórí ẹ̀ pẹ̀lú ìwé nótù gígùn lórí itan, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú ilé, ẹyọ kan ò ré ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Ó béèrè káàdì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀. Mo ti gbàgbé ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èmi ni ìyá ẹ̀ ke, Tóbi náà ń pariwo látinú ilé pé "mummy mi ni!" Ó ní, "Ẹ má bínú ma." Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ orúkọ Tóbi lọ dé ibi nọ́ńbà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ẹ̀, ó gbé e sétí. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì mi. Ó wo báàgì, ó wò mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ó ní kí n sáìn kí n tó mú ọmọ. Kí n má purọ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tí mo dé títì ni omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀.

Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ dúró ní òdìkejì títì ní bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jáde, kẹ́ ẹ tó forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ rárá. Tí wọn ò bá tíì bẹ̀rẹ̀, Sunday school náà ní ìgbà ìjáde, ẹ wo ìyẹn. Ṣé wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn táwọn ọmọ ń tú jáde bí adìẹ, àbí wọ́n ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó wá mú ọmọ, ṣé wọ́n wojú ẹ̀? Ọmọ tó kù sẹ́yìn, ta ló dúró tì í? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí.

6. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n láìtijú

Ta ni àgbàlagbà tó máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde? Kì í ṣe orúkọ pásítọ̀ o. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ tísà sọ́mà jẹ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán tó ń retí ádímíṣọ̀n. Wọ́n lágbára, wọ́n mọ orin, àwọn ọmọ fẹ́ràn wọn gidi, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ò lè dá wà pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ, ọjọ́ tí èsì WAEC bá sì lọ jáde, ẹ ò ní rí ọkàn wọn ní kíláàsì.

Ta ló ń mú ọmọ lọ tọ́ìlẹ́ẹ̀tì? Ṣé tísà kan lè dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí wọ́n tì? Ibi tó dáa á dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ torí wọ́n ti jókòó sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ pé "ah, ilé Ọlọ́run nìyí, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ níbí", ẹ rọra dìde. Ilé Ọlọ́run náà kúkú ni wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí ọrẹ.

Pàṣán ńkọ́? Ẹ sọ èrò yín, kí wọ́n sọ tiwọn. Láti 2007 ni Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ẹ̀ ń ṣe òyìnbó. Fọ́tò ọmọ yín ńkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e sórí Facebook? Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù.

Àìsàn, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, òùngbẹ àti òtútù lè dá àìsàn sílẹ̀ fún un, tísà tí ò mọ̀ á ní kó sáré nínú oòrùn bíi tàwọn yòókù, àbí kó dúró nínú òjò. Ọmọ tó ní ásímà, ínhélà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n lò, kó má wà nísàlẹ̀ báàgì. Ọmọ tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Tí wọ́n bá fẹ́ kó wọn jáde lọ síbì kan, Badagry ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, kí wọ́n lè rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845. Ibẹ̀ dáa kí ọmọ rí, lóòótọ́. Àmọ́ láti Ìkòròdú, ẹ máa la gbogbo Èkó kọjá ni, lọ àti bọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún á ti sùn kó tó débẹ̀. Ẹ béèrè iye àgbàlagbà tó ń tẹ̀lé wọn àti ẹni tó ń kà wọ́n kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ọmọ tí wọn ò bá wọ life jacket fún ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ àwíjàre.

7. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí

Ìyá Rọ̀fíátù ló bi mí ní èyí, ó sì bọ́gbọ́n mu torí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìkòròdú, ilé kan náà ni oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́sáláṣí ń gbé. Mo sọ fún un láìfi bò: VBS, Bíbélì ni wọ́n máa kọ́ ọmọ, orin Jésù ló máa kọ wálé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Tí ìyẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, sọ́mà lẹ́sìn ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ọmọ lè lo híjáàbù, bóyá ó pọn dandan kó wà níbi àdúrà àárọ̀. Òun mú lẹ́sìn láàárọ̀, ilé kéú lọ́sàn-án, ọmọ ẹ̀ sì wà dáadáa.

8. Owó

Kúkúrú ni: ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo owó fún yín lẹ́ẹ̀kan, fọ́ọ̀mù, T-shirt, oúnjẹ, ìrìn àjò, aṣọ ọjọ́ ìparí, torí "ọ̀fẹ́" míì máa ń wọ́n ju èyí tí wọ́n díyelé lọ. Akáǹtì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti iléèwé ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe ti Brother kan, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Tówó ò bá sí, ẹ sọ. Mo ti rí ibi tí ìyá kan ti bá wọn se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan dípò owó ọmọ méjì.

9. Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀

Kó tó lọ, kó mọ orúkọ ẹ̀ àti tiyín pé, kì í ṣe "mummy", kó mọ nọ́ńbà fóònù kan lórí. Ilé wa ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ àbúrò mi, Tóbi ò ní tẹ̀ lé e. Tó bá dé lálẹ́, ẹ má bi í pé "kí lẹ kọ́ lónìí", "nothing" ló máa sọ. Ẹ bi í pé ta ló jókòó tì, ta ló sunkún, ta ló mú un lọ tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, kí ni tísà ń ṣe nígbà tí ariwo pọ̀. Tí inú ẹ̀ bá ṣàdédé bàjẹ́ tí ò fẹ́ lọ mọ́, ẹ má lù ú, ẹ má ní ó ń ṣe àkẹ́jù, ẹ jókòó tì í. Tí ohun burúkú kan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a máa fi ìjókòó àwọn alàgbà yanjú, àjọ DSVA ti ìjọba Èkó, tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 08000333333, 767 àti 112 sì wà fún pàjáwìrì.

10. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn

Ike omi tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, oúnjẹ tí ò ní yọ́, aṣọ ìpààrọ̀ fún àwọn kékeré, súwẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ torí òtútù oṣù kẹjọ yìí. Ẹ má fún un ní fóònù. Ẹ tètè dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti mú un, kó má jẹ́ òun ló máa kù sẹ́yìn.

Ọjọ́ Friday tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ, àkọ́sórí, orin, eré. Lọ́dún kan Tóbi ṣe àgùntàn, òwú tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára ti tú tán kó tó kàn án, àgùntàn tó ti rún ló jáde sórí pèpéle. Ẹ lọ o, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ máa sá kúrò níbi iṣẹ́. Tí wọ́n bá parí, ẹ wá ọmọbìnrin tó mú ìwé nótù yẹn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, torí pé lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè ti wọ yunifásítì, òun ló sì máa sọ ẹni tó gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀ fún yín.